Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ wẹ́bsáìtì fún dísáínà

Oníṣòwò kan san ìdajì owó fún dísáínà lóṣù kẹta. Ó di oṣù kẹwàá, "Coming Soon" ló ṣì wà lójú òpó náà. Oníṣòwò ní dísáínà ti jẹ owó òun. Dísáínà ní láti oṣù kẹrin lòun ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi fọ́tò ọjà ránṣẹ́. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Èmi àti màmá mi jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti ṣe wẹ́bsáìtì. Ti àkọ́kọ́ ṣòfò, ti ẹ̀ẹ̀kejì ló ń mówó wọlé. Dísáínà tó ṣe èkejì ò mọṣẹ́ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ, àwa la fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra sílẹ̀ ká tó pè é. Ohun tá a ṣe nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Aṣọ ni màá fi máa ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni mo mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ̀ ń ta bàtà, tẹ́ ẹ̀ ń se oúnjẹ òde, ẹ fi ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò.
- Íméèlì tí ẹ ṣí fún ṣọ́ọ̀bù. Kó má jẹ́ ti ọmọ yín, kó má sì jẹ́ èyí tí dísáínà bá yín ṣí.
- Nọ́ńbà fóònù tó wà lórúkọ yín, torí orí rẹ̀ ni OTP, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé, máa wá.
- Ìwé ẹ̀rí CAC àti àkáǹtì báńkì tó wà lórúkọ iṣẹ́ yín.
- Káàdì báńkì tó lè sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Ọjà méjìlá tó ń tà jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má tíì ronú kan gbogbo ọjà.
- Wákàtí méjì lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín. Lọ́jà, èyí ló ṣòro rí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ mọ iṣẹ́ tí wẹ́bsáìtì náà máa bá yín ṣe

Ẹ ṣí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa da gbogbo ìbéèrè àwọn oníbàárà kọ sínú ìwé. Tiwa rèé bá a ṣe bá a:

"Ẹ káàsán mà. Ọ̀pá mélòó ni, èló sì ni?"
"Ṣé aró ẹ̀ kì í ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́?"
"Ẹlẹ́kọ ni àbí kàmpálà?"
"Àbúrò mi wà ní Peckham, ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí i?"
"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ló tún wà nílẹ̀?"

Ó lé ní ìdajì nínú wọn tó jẹ́ ìbéèrè kan náà tí wọ́n ń tún bi, màmá mi á sì máa sọ ohùn sínú fóònù láti fi dá wọn lóhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú ìwé yẹn la ti yọ gbólóhùn kan jáde: "Kí ẹni tí kò sí l'Ábẹ́òkúta lè rí aṣọ, kó mọ iye rẹ̀, kó sì sanwó láìpè wá." Gbólóhùn kan péré. Ohunkóhun tí dísáínà bá fẹ́ fi kún un tí kò bá gbólóhùn yẹn lọ, owó tó ń ṣòfò ni.

Ẹ má ṣe sọ fún dísáínà pé "Mo fẹ́ kó dà bíi ti Jumia." Jumia ní ilé ìkẹ́rù àti òṣìṣẹ́ tó ń wo ojú òpó náà tọ̀sán tòru. Ẹ̀yin ní ṣọ́ọ̀bù kan àti ọmọṣẹ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí dísáínà ò ní bá yín sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo oníbàárà yín, ẹ lè má tíì nílò wẹ́bsáìtì. Ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí Google Business Profile kó lè máa jáde nínú máàpù, ẹ to ọjà sínú WhatsApp Business. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yanjú: ẹ ka gbólóhùn yín sétí ọmọṣẹ́ yín, kí ẹ bi í pé, "Kí ni ẹni tó bá débẹ̀ máa ṣe?" Bó bá ń wò yín ní suu, ẹ tún un kọ.

Ìpele 2: Ẹ fi ọwọ́ ara yín ra domain

Domain ni orúkọ táwọn èèyàn máa tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín. Àdírẹ́sì àdìrẹ, bí màmá mi ṣe ń pè é. Ìpele yìí ló dun èmi jù, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀.

Ọmọ jẹ́jẹ́ kan ló ṣe wẹ́bsáìtì wa àkọ́kọ́. "Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, màá bá yín ra gbogbo ẹ̀ pọ̀." Màmá mi ṣàdúrà fún un. Íméèlì ara rẹ̀ ló fi ra domain náà. Nígbà tí ọdún yí po, inú íméèlì rẹ̀ ni ìkìlọ̀ owó ọdún wọlé sí, òun sì ti lọ sí Canada, ó ti pa nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀ tì. A ò gbọ́, a ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan ni oníbàárà kan pè wá: "Ẹ̀yin ìyá àdìrẹ, ṣé ẹ ti ń ta tẹ́tẹ́ ni?" A tẹ orúkọ wa, lóòótọ́, ojú òpó tẹ́tẹ́ ló jáde. Ẹlòmíràn ti ra orúkọ náà, orúkọ yẹn ṣì wà lára ọ̀rá tí à ń di aṣọ sí.

Ọmọ náà kì í ṣe olè. Ó kàn jẹ́ pé a kọ́lé, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀.

Ẹ ṣe é báyìí:

a. Ẹ yan orúkọ kúkurú. Ẹ pè é fún ẹnì kan lórí fóònù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣì í kọ, àwọn oníbàárà náà á ṣì í tẹ̀. Orúkọ Yorùbá dára, àmọ́ ẹ rántí pé àwọn èèyàn kì í sábà tẹ àmì ohùn nígbà tí wọ́n bá ń tẹ domain, kí ẹ wo bó ṣe máa kà láìsí àmì. A ti ba orúkọ dáadáa kan jẹ́ lọ́nà yìí rí, n kò ní kọ ọ́ síbí.

b. Ẹ yan ìrù rẹ̀. NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ domain Nàìjíríà, ló ni àkóso .ng àti .com.ng. Bí ọ̀pọ̀ oníbàárà yín bá wà ní Nàìjíríà, .com.ng dára, orúkọ tó ṣófo sì ń pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń tà sí òkèèrè, .com lẹnu wọn mọ́ jù. A ra méjèèjì.

d. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ta domain, orúkọ yín, nọ́ńbà yín àti íméèlì ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ kọ. Dísáínà lè jókòó tì yín, ọwọ́ yín ni kó wà lórí fóònù.

e. Ẹ má ṣe fi íméèlì tó ń parí pẹ̀lú domain yẹn gan-an forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí domain bá kú, íméèlì náà á bá a kú, ìkìlọ̀ ò ní rí yín mọ́. Gmail lásán ti tó.

ẹ. Ẹ tan auto-renew sílẹ̀, kí owó ọdún lè máa kúrò lára káàdì fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ kọ ọjọ́ owó ọdún sára kàlẹ́ńdà ògiri. Káàdì báńkì máa ń kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí .com bá kọjá ọjọ́ tí ẹ ò sanwó, ilé iṣẹ́ tó tà á lè fún yín láyè díẹ̀. Tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ó ku ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ ṣì lè rà á padà, lówó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì domain, kí ẹ tún wọlé lórí fóònù ara yín, láìpe ẹnikẹ́ni. Bí OTP bá dé sí fóònù ẹlòmíràn, kò tíì di tiyín. Fún .com, ẹ tún lè tẹ orúkọ náà sí lookup.icann.org láti rí ọjọ́ tó máa parí.

Ìpele 3: Fọ́tò àti ọ̀rọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń kú. Dísáínà ò mọ ọjà yín. Bí ẹ ò bá kọ ohunkóhun fún un, á wá ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó bá ilé ìtajà sìmẹ́ńtì mu bó ṣe bá ti yín mu, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Fóònù tó dára tó láti ya fọ́tò. Ẹ yà á láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, níta, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ pa fláàṣì: ó máa ń sọ aró di èédú. A máa ń fi pépà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú fọ́tò àkọ́kọ́, kí dísáínà lè mọ bí funfun ṣe rí níbẹ̀, kó sì tún àwọ̀ yòókù ṣe. Ẹni tó rí búlúù lórí fóònù, tó wá gba aṣọ tó sún mọ́ dúdú, owó rẹ̀ lẹ máa dá padà.

Fọ́tò mẹ́ta fún ọjà kan: títẹ́ sílẹ̀ gbalaja, ibi tí àrà rẹ̀ ti hàn dáadáa, àti lára èèyàn. Fún Ìbàdàn Dùn, irú àrà àdìrẹ kan, fọ́tò kejì gbọ́dọ̀ sún mọ́ òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n yà sínú rẹ̀ débi pé ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí á bi yín pé kí nìyí.

Ẹ má ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́ sí dísáínà bí ẹ ṣe ń fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ilé. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀. Dísáínà wa fi hàn wá: fọ́tò tó jẹ́ 4MB lórí fóònù wa, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bíi 200KB, gbogbo etí aṣọ ti di kúrukùru. Ẹ yan "Document" nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́, tàbí kí ẹ kó wọn sínú Google Drive. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá dín wọn kù kí ojú òpó má bàa jẹ dátà àwọn èèyàn.

Ẹ kó fọ́tò yín nìkan lọ. Àwa náà ti rí fọ́tò aṣọ wa lójú òpó ẹlòmíràn rí, àtẹ́lẹwọ́ màmá mi ṣì wà nínú rẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó dúró níwájú yín. Ọ̀kan nínú tiwa: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kọ́tìnì, ọ̀pá márùn-ún. Ọwọ́ la fi ya á, torí náà kò sí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀. Ẹ dá fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́, nínú omi tútù, kí ẹ sá a síbi ìbòòji." Kò gùn, ó sì dáhùn mẹ́ta nínú ìbéèrè Ìpele 1. Ẹ fi iye owó sí i. Kí ẹni tó ń kọ "ẹ pè wá fún iye owó" rántí ìdí tó fi ń ṣe wẹ́bsáìtì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọjà méjìlá, fọ́tò mẹ́rìndínlógójì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ọjà yín, kó yan méjì tó máa rà. Gbogbo ìbéèrè tó bá bi yín, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ nìyẹn.

Ìpele 4: Ọ̀nà tí owó máa gbà wọlé

Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí àkáǹtì Paystack tàbí Flutterwave, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé CAC àti àkáǹtì báńkì iṣẹ́ yín. Bí dísáínà bá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa gbà á sí tèmi, màá máa fi ránṣẹ́ sí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ ṣírò ohun tí wọ́n máa yọ. Paystack ń yọ 1.5% àti ₦100 lórí ìsanwó abẹ́lé, ₦100 náà kì í sí bí owó bá kéré sí ₦2,500, gbogbo ohun tí wọ́n máa yọ kì í sì kọjá ₦2,000. Aṣọ ₦20,000 á fún wọn ní ₦400, ₦19,600 á dé ọwọ́ yín. Ẹ tún wo ojú òpó wọn kí ẹ tó fi lé iye ọjà, torí iye lè yí padà.

Ẹ wọn ọjà yín lórí ìwọ̀n pẹ̀lú ọ̀rá àti páálí rẹ̀. Ẹ bi àwọn onímọ́tò ní gáréèjì àti àwọn tó ń gbé ẹrù lọ sókèèrè ní iye tí wọ́n ń gbà sí ibi márùn-ún tí ẹ ń ránṣẹ́ sí jù. Ẹ kọ ẹni tó máa san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lókè òkun sílẹ̀. Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀ fún dísáínà, ẹ ó kàn rí iye kan ṣoṣo fún Ṣágámù àti London.

Ìpele 5: Ìwé ojú kan, dísáínà mẹ́ta

Ẹ kó ohun tẹ́ ẹ ti kọ jọ sójú ìwé kan: gbólóhùn Ìpele 1, iye ọjà, èdè tí ojú òpó máa sọ, bí owó ṣe máa wọlé, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó parí, àti iye tí ẹ lè ná. Ọ̀pọ̀ ló ń fi owó tí wọ́n ní pamọ́, wọ́n rò pé àrékérekè ni. Bí dísáínà ò bá mọ iye tó wà lọ́wọ́ yín, ilé alájà mẹ́rin ló máa yà fún ẹni tó fẹ́ yàrá méjì.

Ẹ pín owó náà sí àpò méjì: èyí tí ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan, àti èyí tó ń padà wá lọ́dọọdún, ìyẹn domain, hosting (ibi tí wọ́n ń gbé ojú òpó yín pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì) àti owó àtúnṣe. Ẹ bi í pé náírà ni wọ́n ń gba owó hosting àbí dọ́là. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń fi dọ́là san hosting ti kọ́gbọ́n.

Ìwé kan náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí dísáínà mẹ́ta, kí iye tí wọ́n bá dá lè ṣeé fi wéra. Kí ẹ wá béèrè wẹ́bsáìtì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣe láti ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ má wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yín, pẹ̀lú dátà yín, láàárín ọjà. Ṣé ó ṣí? Ó pẹ́ kó tó ṣí? Ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ PageSpeed Insights ti Google, tó ń wọn bí ojú òpó ṣe ń yára ṣí, ẹ wo apá ti fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ọjọ́ mélòó ló fi dá yín lóhùn?"

Ẹni tá a mú nínú mẹ́ta wa kọ́ ló dá iye tó kéré jù. Òun nìkan ló ka ìwé wa, tó pè wá padà pé a ò kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà bá fẹ́ dá aṣọ padà.

Ìpele 6: Àdéhùn, àti ọjọ́ tí ẹ máa gbà á

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ìwé kan. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: iṣẹ́ tó máa ṣe, ọjọ́, ìgbà mélòó ló máa tún un ṣe láìgba owó, ẹni tó máa ṣe ẹ̀dà ojú òpó náà pamọ́ àti iye ìgbà tó máa ṣe é lóṣù, àti pé iṣẹ́ náà di tiyín pátápátá lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó tó kẹ́yìn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún ló ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà àyàfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó di tiyín.

Bí ojú òpó yín bá ń gba orúkọ, nọ́ńbà àti ilé àwọn èèyàn, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kàn yín. Ẹ ní kí ó fi ojú ìwé kan sí i tó sọ ohun tí ẹ ń gbà àti ohun tí ẹ ń fi í ṣe.

Ẹ pín owó náà. A pín tiwa sí mẹ́ta: nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tá a rí i lórí fóònù pẹ̀lú ọjà wa nínú rẹ̀, àti lẹ́yìn tá a gbà á. Ìdá kẹta ni agbára yín. Ẹ má jẹ́ kí àánú tàbí ọdún Iléyá mú yín san án ṣáájú.

Kí ìdá kẹta tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pe dísáínà jókòó, kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe àwọn nǹkan yìí níwájú rẹ̀:

- Ẹ wọlé sínú domain, hosting àti ojú òpó gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ẹ ṣí ti dísáínà lọ́tọ̀, èyí tí ẹ lè pa nígbàkúùgbà.
- Ẹ wò bóyá https ló bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì yín, òun ló ń dáàbò bo ohun tí oníbàárà bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú òpó náà.
- Ẹ yí iye owó ọjà kan padà, ẹ fi fọ́tò tuntun kan sí i. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, kó kọ́ yín títí ẹ ó fi lè ṣe é, kí ẹ ká a sórí fídíò.
- Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ojú òpó sínú Google Drive yín.

Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹnì kan tí kò sí lọ́dọ̀ yín ra nǹkan pẹ̀lú owó gidi. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá wa ṣe é láti Ìbàdàn. Ó yan Ìbàdàn Dùn kan, ó ní òun ò lè ra ti ìlú míì. Fóònù màmá mi dún pé owó wọlé. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà sínú ọ̀rá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la san ìdá kẹta.